Iyọ̀ kì í se ẹja: ẹ̀yin tó ń fi salmon sí iyọ̀ nílé, ẹ wá gbọ́

1/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà kí n tó ṣàlàyé: iyọ̀ kì í se ẹja. Ṣúgà kì í se ẹja. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í se ẹja. Iná ló ń se ẹja. Fídíò yòówù tó bá sọ fún yín pé "ẹ fi iyọ̀ bo salmon mọ́lẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀la ó ti jinná," irọ́ ló pa. Irọ́ náà sì lè gbé èèyàn dé ọsibítù. Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi lónìí. 🧵

2/
Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Èmi gan-an ń ṣe é. Salmon tó ti sùn ọjọ́ méjì nínú iyọ̀, ṣúgà àti ewé dill, tí wọ́n wá fi ọ̀bẹ mímú gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí búrẹ́dì: ó dùn jàre. Kò sì ní ná yín tó èyí tí wọ́n dì sínú páálí pẹlẹbẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Èmi àti ẹja ò jà. Ẹnu tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni mo bá wí.

3/
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Àwọn ará Sweden, Norway àti Denmark ló ni oúnjẹ yìí. Gravlax ni wọ́n ń pè é. "Lax" ni salmon. "Grav" jẹ mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ àti sàréè. Láyé àtijọ́, àwọn apẹja wọn á fi iyọ̀ díẹ̀ sí ẹja, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, á sì kan díẹ̀ níbẹ̀, bí ògì ṣe ń kan. Lónìí, inú fíríìjì ló ń sùn, kì í sì í kan mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí iná nínú ọ̀rọ̀ náà. Ta ló wá sọ ọ́ di ẹja jíjinná fún wa?

4/
Kí wá ni iyọ̀ ń ṣe? Ó ń fa omi jáde. Omi inú ẹran ẹja yẹn ni kòkòrò àìfojúrí fi ń gbé ayé. Tí iyọ̀ bá wọlé, tí omi jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní lè máa bí sí i bó ṣe wù wọ́n. Ẹran ẹja á le díẹ̀, á dán, á ṣeé gé. Ṣúgà ń bá iyọ̀ fa omi, ó sì ń bá a dín oró ẹnu kù. Ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ o. Mo ní wọn "ò ní lè máa bí sí i." Mi ò ní wọ́n ti kú.

5/
Nínú èdè wa, "jinná" kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Tí ìyá yín bá bi yín pé "ṣé ẹran yẹn ti jinná?", ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ṣé iná ti dé inú rẹ̀, ṣé èèyàn lè jẹ ẹ́ kó sùn kó jí. Ìlérí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ò lè gbé e lé ẹja tí kò fojú kan iná rí, kẹ́ ẹ wá ní bí wọ́n ṣe wí i lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀yin náà wí.

6/
Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí iyọ̀ yín ò lè mú. Anisakis. Aràn ni. Ó funfun, ó tín-ín-rín, ó máa ń ká ara rẹ̀ kò bí òkùn, gígùn rẹ̀ kì í sì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ. Inú àbùùbùtán àti àwọn ẹranko òkun míì tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ti ń dàgbà, àmọ́ inú ẹja ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Tó bá dé ikùn èèyàn láàyè, ó máa fẹ́ gún ara ikùn wọlé. Inú rírun tó le koko, èébì, láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà míì, dókítà ní láti fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé lọ fà á jáde.

7/
Ẹ ní iyọ̀ á pa á? Ẹ bi àwọn ará Netherlands wò. Wọ́n fẹ́ràn herring, ìbátan ṣáwá wa, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ láìsè. Ní 1960, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Van Thiel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síta pé aràn inú herring oníyọ̀ yẹn ló ń fa inú rírun tó ń gbé àwọn èèyàn lọ sí ọsibítù. Ní 1968, òfin dé: ẹ kọ́kọ́ dì í nínú fíríísà kẹ́ ẹ tó tà á. Àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Iyọ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ìgbà tí yìnyín dé ni aràn tó kú.

8/
Ẹ̀yin ti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá fún ọsàn sórí ẹja, á funfun, á le, á jọ èyí tí wọ́n sè. Ojú ló jọ ọ́. Ní Spain, wọ́n ń jẹ anchovy tó sùn nínú fínígà, ẹja tó funfun báláú. Aràn ṣì ń mú wọn. Ní 2006, ìjọba wọn ṣòfin pé ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ ta irú ẹja bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì í. Tí fínígà kò bá lè se anchovy tó kéré bí ìka, ọsàn méjì yín ló máa se salmon?

9/
"Àmọ́ ṣebí àwọn ará Japan ń jẹ ẹja tútù látọjọ́ pípẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá bi wọ́n nípa salmon. Wọ́n mọ̀ pé salmon òkun tiwọn ní aràn nínú, torí náà ọ̀pọ̀ wọn á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á SÌ TÚN yan án lórí iná. Àwọn Ainu ní àríwá, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láìsè, èyí tó ti dì gbagidi nínú òtútù ni wọ́n ń jẹ. Láwọn ọdún 1980 ni Norway gbé salmon ọ̀sìn tiwọn dé, wọ́n pe ètò náà ní Project Japan, lẹ́yìn ìyẹn ni salmon tó rọra wọ inú sushi. Àwọn tó mọ ẹja tútù jù láyé ò fi iyọ̀ nìkan gbẹ́kẹ̀ lé salmon. Ẹ̀yin fi í gbẹ́kẹ̀ lé e lẹ́yìn fídíò ìṣẹ́jú kan.

10/
Torí náà, fíríísà. Ohun tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù àti Britain sọ fún ẹni tó ń tà á ni -20°C fún wákàtí 24 ó kéré tán, kó sì dé àárín ẹja gan-an. FDA ní Amẹ́ríkà ní -20°C fún ọjọ́ 7. Fíríísà ilé wa kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. -18°C ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sí, a sì ń ṣí i ní gbogbo ìgbà. Ẹ yí i sí ibi tó tutù jù, ẹ ra nǹkan tí wọ́n fi ń wọn òtútù sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹja pé ọ̀sẹ̀ kan tọ́tọ́ ní -20°C. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ ti dúró de nǹkan tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

11/
Ẹnì kan á ní: "Èmi kì í ra ti ọ̀sìn, ti inú agbami ni mo ń rà, torí òun ló jẹ́ àdánidá." Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é, kò burú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ láìsè, ti agbami yẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Salmon ọ̀sìn ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fún ní hóró hóró, kì í sábà jẹ àwọn ẹran omi kéékèèké tí aràn wà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí òfin Yúróòpù fi fàyè gba irú èyí láìdì, tí ẹni tó sìn ín bá lè fi hàn pé oúnjẹ rẹ̀ mọ́ láti kékeré. Ti agbami ò ní ẹni tó lè fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn.

12/
Ẹ má sì jẹ́ kí "sushi grade" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹja gbá yín lójú. Òfin Amẹ́ríkà ò fún ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ kankan. Ọlọ́jà ló fún ara rẹ̀ ní oyè. Ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń ta ẹja: Ọ̀sìn ni àbí ti agbami? Ṣé wọ́n ti dì í rí? Báwo ló ṣe tutù tó, fún ìgbà wo? Tó bá ń wo yín bọ̀ọ̀, ẹ dì í fúnra yín.

13/
Ó tán? Kò tíì tán. Fíríísà ń pa aràn. Kì í pa Listeria, ó kàn ń fi í sùn ni. Listeria ni kòkòrò àìfojúrí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń pọ̀ sí i nínú fíríìjì. Iyọ̀ tí ẹnu èèyàn lè gbà kò tó láti dá a dúró. Ẹja ò ní rùn, àwọ̀ rẹ̀ ò ní yí, adùn rẹ̀ ò ní yàtọ̀. Iná nìkan ló ń pa á. Ẹ tún un kà: iná nìkan.

14/
Ta ló wá ń pa lára? Ẹni ọdún 25 tí ara rẹ̀ le, ó lè jẹ ẹ́ kó má mọ̀ pé nǹkan kọjá. Àmọ́ tó bá wọ ara aláboyún, ó lè gba ara ìyá kọjá sára ọmọ inú. Oyún lè wálẹ̀. Ọmọ lè kú sínú. Ìyá gan-an lè rò pé ibà lásán ló ń ṣe òun. Ìdí nìyẹn tí NHS ní Britain fi sọ ọ́ ketekete fún aláboyún: má jẹ gravlax, má jẹ smoked salmon, àfi tí wọ́n bá sè é tó gbóná tó ń yọ èéfín. Ọ̀rọ̀ náà kan àgbà tó ti lé ní ọdún 65 àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára.

15/
Ẹ wá fi ojú inú wo tábìlì yín. Ìkómọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ ìbí ní Houston. Àǹtí tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì wà níbẹ̀, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá tó wá láti Ìbàdàn wá bá yín wẹ ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ gbé àwo salmon kalẹ̀. Màmá bèèrè pé, "Ṣé ó ti jinná?" Ẹ ní, "Ẹ̀ẹ́n mà, iyọ̀ ti sè é." Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún mi, irú ìdáhùn wo nìyẹn?

16/
Ọ̀rọ̀ tó tún ń dun èmi tí mo ń kọ Yorùbá rèé. Mo ń rí i lábẹ́ fídíò: "salmon yíyan." Wọ́n ń fi tú smoked salmon. Ẹ jọ̀ọ́! Ẹja yíyan tí àwa mọ̀ ni ti àwọn ìyá wa ní Màkòkò, ní Ẹ̀pẹ́, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ká, tí wọ́n tò sórí wáyà, tí iná àti èéfín dè mọ́ ọn títí ó fi jinná dé egungun, tó sì gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà tó wà lórí iná, ọwọ́ yín á bó.

17/
Smoked salmon tó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀ nínú páálí yẹn ò rí irú iná bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n wá fi èéfín tútù fẹ́ ẹ. Ooru ibẹ̀ kì í sábà ju 30°C lọ. Ọ̀sán gangan l'Ékòó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ! Àwọn Júù tó wá láti ìlà oòrùn Yúróòpù ló gbé iṣẹ́ náà wọ East End ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ H. Forman & Son ti ń ṣe é láti 1905. Iṣẹ́ gidi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ aláboyún tó bá rí "salmon yíyan" tí ẹ kọ, iná Màkòkò ló máa wá sí i lọ́kàn. Á ní ó ti jinná. Á jẹ ẹ́. Ìtumọ̀ tí ẹ ṣe ló fi í sínú ewu.

18/
"Pánlá ńkọ́? Òun náà ò kúkú rí iná ní Norway." Mo ti ń dúró dè yín. Òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ òtútù ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ lórí igi ní Lofoten, wọn kì í fi iyọ̀ sí i rárá, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí á fi le bí pákó. Kí la wá ń ṣe sí i tó bá dé ọ̀dọ̀ wa? A ń rẹ ẹ́. A ń sè é. Ìṣà pánlá tó pẹ́ lórí iná ni ẹ̀ ń jẹ nínú ẹ̀fọ́ yín. Gbígbẹ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, iná ṣe tirẹ̀. Gravlax ò gbẹ, kò sì rí iná. Ẹ má fi wọ́n wéra.

19/
Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwọ̀n. "Ẹ kàn da iyọ̀ sí i." Mélòó? "Kó ṣáà bò ó." Háà. Ìwọ̀n ojú dáa fún ọbẹ̀ ilá. Tí iyọ̀ ọbẹ̀ bá kéré, ẹ ó fi kún un. Níbí, iyọ̀ ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ṣíbí iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú wúwo ju ṣíbí iyọ̀ oníhóró ńlá lọ dáadáa, torí náà ṣíbí kan ní ilé mi lè jẹ́ ṣíbí kan ààbọ̀ ní ilé yín. Ẹ ra òṣùwọ̀n. Ẹ wọn ẹja. Ẹ wọn iyọ̀. Gíráàmù kì í parọ́.

20/
Ẹ tún gbọ́ ti "pink salt" yìí, torí ó ń kó àwọn èèyàn sí ìdààmú. Iyọ̀ Himalaya, pupa rẹ̀ wá láti inú ilẹ̀, iyọ̀ lásán ni. Èyí tí àwọn tó ń ṣe ẹran nínú iṣẹ́ ń lò, nitrite wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi aró pupa sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í lò ni, torí tó bá pọ̀, májèlé ni. Àwọ̀ wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra. Gravlax ò nílò ìkejì yẹn. Ẹni tó bá kọ "pink salt" sínú fídíò tí kò sọ èwo, ó ń fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́.

21/
Ìtàn kan wà ní Alaska tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi orí salmon sínú ihò tí wọ́n tẹ́ koríko sí, kó kan, tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ike dé, àwọn kan gbé iṣẹ́ náà sínú ike àti náílọ́ọ̀nù: afẹ́fẹ́ ò wọlé, ó sì ń gbóná jù. Àárín ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí ni kòkòrò botulism ti ń pọ̀, tó ń tú oró jáde, oró tó ń pa iṣan èèyàn títí kan iṣan tá a fi ń mí. Àrùn náà wá pọ̀ sí i láàárín wọn. Ẹja kan náà, ọwọ́ kan náà. Ohun tí wọ́n kó o sí ló yí padà.

22/
Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìyẹn: ọgbọ́n ìbílẹ̀ kò mọ sórí ohun tí ojú rí. Koríko wà níbẹ̀ fún ìdí. Òtútù wà níbẹ̀ fún ìdí. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹja kúrò ní Sweden wá sí orí tábìlì ilé ìdáná yín, ẹ gbé ìdí rẹ̀ dání pẹ̀lú. Ẹ má fi salmon oníyọ̀ sílẹ̀ síta mọ́jú. Ẹ má dì í pa mọ́ inú náílọ́ọ̀nù tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má rì í sínú òróró kẹ́ ẹ gbé e sórí pẹpẹ torí pé ó dára fún fọ́tò.

23/
Kẹ́ ẹ má bàa ní mo kàn ń pariwo, bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ẹja tó ti pé ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríísà. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì, kì í ṣe lórí tábìlì. Tó bá wà nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú u. Ẹ yọ egungun. Ẹ wọ̀n ọ́n. Fún kílò 1 ẹja: iyọ̀ gíráàmù 35, ṣúgà gíráàmù 25, ata dúdú díẹ̀, ewé dill tó bá wù yín. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lára yíká.

24/
Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo, ẹ bò ó, ẹ gbé e sínú fíríìjì tí kò gbóná ju 4°C lọ. Wákàtí 48. Ẹ máa yí i padà láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi tó sun jáde, ẹ fi sílẹ̀ kó máa sùn nínú rẹ̀. Tó bá pé, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e. Ọ̀bẹ àti pákó mímọ́ o! Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹnì kan tí mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bá wà nílé, ẹ yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi iná se é. Ó tán. Kò sí idán níbẹ̀.

25/
Ẹ̀yin tó wà nílé, ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀. Fíríísà tí iná NEPA ń mú tó ń fi sílẹ̀ kì í ṣe fíríísà tí òfin ń sọ. Ẹja tó dì lálẹ́, tó yọ́ lọ́sàn-án, tó tún dì, ẹ ò lè ka ọjọ́ meje fún un. Tẹ́ ẹ bá ní iná tó dúró tọ̀sán-tòru, ó yá. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ má jẹ salmon oníyọ̀ láìsè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé a ò mọ nǹkan jẹ. Iná tó yẹ kó dáàbò bo ẹja yẹn ni kò sí.

26/
Ẹ má sì sọ pé salmon ti wọ́n, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú Titus. Ẹja òkú Èkó tó ti yọ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín lè ti ní histamine nínú. Iyọ̀ kì í yọ histamine. Fíríísà kì í yọ ọ́. Iná gan-an kì í yọ ọ́. Ojú á pupa, orí á fọ́, ara á yún, àyà á máa já. Titus, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ata dindin.

27/
Ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe níbikíbi nìyí: ẹ fi iyọ̀ sí salmon yín bí mo ṣe wí, àmọ́ kẹ́ ẹ dín iyọ̀ náà kù sí gíráàmù 15 fún kílò 1, kó sùn mọ́jú nínú fíríìjì, kẹ́ ẹ wá yan án tàbí kẹ́ ẹ gbé e sínú ófìńnì títí àárín rẹ̀ á fi dé 63°C. Iyọ̀ á ti wọ inú, omi rẹ̀ ò ní tú ká, ẹran rẹ̀ ò ní fọ́ wúruwùru. Iyọ̀ ṣe iṣẹ́ iyọ̀, iná ṣe iṣẹ́ iná. Màmá á jẹ. Aláboyún á jẹ. Ẹ̀yin náà á sùn.

28/
Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe é láìdì, nǹkankan ò ṣe mí." A dúpẹ́. Ẹni tó ń sáré sọdá títì márosẹ̀ lójoojúmọ́ náà lè sọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kan. Pé ẹja kan ò ní aràn ò sọ nǹkan kan nípa ẹja tó ń bọ̀. Àti pé ara yín ni ẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nígbà tó jẹ́ pé ikùn ẹlòmíì ni ẹ̀ ń bọ́.

29/
"Àwọn òyìnbó ń jẹ ẹ́, kí ló ṣe wọ́n?" Ohun tí ẹ ò rí nínú fídíò wọn ni òfin tó wà lẹ́yìn ẹja náà. Ẹni tó tà á fún wọn ti dì í, tàbí ó ti fi hàn pé ọ̀sìn tó mọ́ ni. Dókítà wọn ti kìlọ̀ fún aláboyún wọn. Èyí tó dùn lójú nìkan lẹ mú. Ẹ wá ń fi kọ́ ọmọ Yorùbá tó ra ẹja agbami lọ́jà, tí kò sẹ́ni tó sọ ìyókù fún un.

30/
"O ti ń dẹ́rù bani jù." Rárá o. Ẹni tó mọ ewu nǹkan ló lè fọkàn balẹ̀ jẹ ẹ́. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ògì, ẹ̀kọ, irú, ẹja gbígbẹ, ta ló mọ òfin oúnjẹ tó wọn? Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń pàrọ̀ omi, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́, bí wọ́n ṣe ń lé ọmọdé kúrò nídìí ìkòkò. Wọn kì í pe nǹkan tí kò tíì jinná ní jíjinná kí wọ́n lè tà á. Ìyá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjà á mọ̀ ọ́n.

31/
Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò, mi ò ní kẹ́ ẹ pa iṣẹ́ tì. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀ yín fún, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀:
Ẹja tútù ni èyí, iyọ̀ ò sè é.
Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríísà ní -20°C.
Aláboyún, àgbà, ẹni tí ara rẹ̀ ò le, ẹ má jẹ ẹ́ láìsè.
Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ọ̀bẹ yín hàn wá.

32/
Kẹ́ ẹ sì pè é ní orúkọ tó jẹ́. Salmon oníyọ̀. Salmon tútù oníyọ̀. Ẹ fi "yíyan" sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n yan, ẹ fi "jinná" sílẹ̀ fún ohun tó jinná. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn pẹ̀lú salmon tútù, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu.

Ẹ tún un pín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín kan tó ń fi iyọ̀ "se" salmon. Ẹ mọ̀ ọ́n. 🐟